Mo ń ka Sáàmù 91 láràárọ̀, síbẹ̀ ogun wọlé. Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá_Ọmọbìnrin

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, n kì í dá sí i. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu.

Oṣù kẹjọ rèé tí kíndìnrín ọkọ mi méjèèjì ti dákẹ́ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ là ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 4 ni wọ́n sì fi ń so ó mọ́ ẹ̀rọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi ni mò ń gbé e bọ̀. Ẹnu eléyìí la wà tí wọ́n fi dá mi dúró níbi iṣẹ́, torí ọjọ́ tí mi ò lọ ti pọ̀ ju ọjọ́ tí mo lọ. Níjẹta, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 9, bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà wa ni?" Mo ní kó lọ sùn. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń ka Sáàmù 91 kí n tó jáde nílé. Mo mọ̀ ọ́n lórí. "Ẹgbẹ̀rún yóò ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n kì yóò súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ." Ó ti súnmọ́ mi o. Ó ti wọlé, ó ti jókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí a jọ ń jọ́sìn sọ fún mi pé ká ní ìgbàgbọ́ mi pé ni, àìsàn náà ì bá ti lọ. Mi ò fèsì. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo ṣí omi kí ọmọ mi má baà gbọ́ ohùn mi.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ bí mo ṣe lè máa dì Í mú láì purọ́ fún ara mi. Kí ni ààbò Rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí ogun ti wọ yàrá rẹ̀?

Jagunjagun_Àdúrà

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run kì í purọ́. Bó bá ní kò ní súnmọ́ yín, tó wá súnmọ́ yín, ó yẹ ká wá ibi tí ọgbà ti ya. Ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, tẹ̀yin ti ọkọ yín. Ẹ má sunkún mọ́, ẹkún ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ dókítà wọlé ọkàn yín. Ẹ máa pàṣẹ ni.

Àgbà_Akọrin

Jagunjagun, ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, rọra. Ẹni tí iná ń jó aṣọ mọ́ lára, a kì í dúró bi í pé ta ló gbàgbé àtùpà. Omi là ń bù sí i.

Ìyá Ọmọbìnrin, ẹ pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo; èyí tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá ni mo fi ń kí yín. Ẹni ọdún 71 ni mí. Ọmọ mi ọkùnrin kú lẹ́ni ọdún 26, èmi baba rẹ̀ ni mo dúró létí sàréè rẹ̀. Èmi náà jẹ́ ẹni tó ń ka Sáàmù 91 láràárọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọdún méjì gbáko ni mi ò fi lè ṣí ojú ewé yẹn. Ìgbà tí mo padà sí i, mo bá ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń kà kọjá láti kékeré, ní ẹsẹ 15: "Èmi ó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpọ́njú." Mo jókòó lórí ilẹ̀. Sáàmù kan náà tó sọ̀rọ̀ apata àti odi ló sọ pé ìpọ́njú ń bọ̀, pé Òun náà á wà nínú rẹ̀. Ẹnu ẹsẹ 7 ni mo ti máa ń dúró, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi.

Ẹ tún rántí ẹni tó ka Sáàmù yìí fún Jésù. Mátíù 4 ni. Lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, olùdánwò ló ka ẹsẹ 11 àti 12 sí I létí pé kó bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé E. Jésù kò bẹ́. Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí ọmọ fi ń dán baba rẹ̀ wò. Jésù yìí kan náà ló dé Gẹtisémánì, tó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ago náà kọjá. Ago náà kò kọjá. Áńgẹ́lì kan wá lóòótọ́, Lúùkù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá fún Un lókun láti lè mu ún. Ṣé ìgbàgbọ́ Tirẹ̀ náà ni kò pé?

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn fún yín kò mọ ohun tó ń sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e sùn.

Àbúrò_Gbogbo_Wọn

Bàbá, mo sunkún ka èyí nínú mọ́tò. Ẹ ṣé, sà.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Mò ń kọ èyí ní ìsinmi díẹ̀ tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dákun ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ọmọbìnrin, ẹ má fi ọkọ yín sínú ààwẹ̀ kankan láì bi dókítà rẹ̀, ẹ má sì torí ètò àdúrà fo ọjọ́ fífọ ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Kíndìnrín tó ti dákẹ́ kì í lè lé omi àti ìdọ̀tí jáde lára mọ́. Omi á máa gun ẹ̀dọ̀fóró, èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè dá ọkàn dúró lójijì. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Inú mi kì í dùn láti rántí wọn.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 ni mo máa ń kà fún ara mi bí alẹ́ bá le. Èèyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù, ìjì sì ń gbá wọn kiri di òru kẹrìnlá. Áńgẹ́lì ti sọ fún un pé ẹ̀mí kankan kò ní ṣòfò. Síbẹ̀, ó sọ fún àwọn ọmọ ogun pé bí àwọn atukọ̀ bá sá lọ, kò sí ẹni tó máa là. Ó rọ gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lè lókun. Ọkọ̀ wá fọ́ yángá. Àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan gun pákó, gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ìlérí Ọlọ́run ṣẹ, pákó ni àwọn míì sì fi dé èbúté. Ẹ̀rọ yẹn ni pákó ọkọ yín, ìyá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín kórìíra rẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ sùn wákàtí mẹ́fà kẹ́yìn? Nígbà tó sú Èlíjà títí tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù fún un. Ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó jẹ́ kó tún sùn, ó tún padà wá jí i pé kó jẹun sí i. Mo ti rí àwọn olùtọ́jú tó ṣubú kí aláìsàn wọn tó ṣubú.

Alfa_Onísùúrù

Àlááfíà fún gbogbo yín. Mùsùlùmí ni mí, ẹ gbà mí láyè, torí ìrora ò ní ẹ̀sìn.

Bí ọ̀tá ṣe ń lépa Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a) lọ́dún 622, òun àti Abú Bákírì sá pamọ́ sínú ihò àpáta. Àwọn tó ń wá wọn dé ẹnu ihò náà, ẹ̀rù ba Abú Bákírì. Ohun tí Ànábì sọ fún un wà nínú Súrà 9, ẹsẹ 40: "Má banújẹ́, Ọlọ́run ń bẹ pẹ̀lú wa." Ọ̀tá ṣì wà lẹ́nu ihò nígbà tó sọ ọ́. Mo fi èyí ti ọ̀rọ̀ Bàbá Akọrin lẹ́yìn.

Àwọn kan á ní, ìyẹn náà là, ó bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 625, lójú ogun Úhúdì, Ànábì yìí kan náà fara gbọgbẹ́ lójú, eyín rẹ̀ kán, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Ọlọ́run tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ihò kò fi í sílẹ̀ ní Úhúdì. Èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọgbẹ́ ènìyàn wọn bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Lórí ọ̀rọ̀ dókítà: ẹnì kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbára lé Ọlọ́run, àbí kí òun fi í sílẹ̀ lásán. Ó ní kó so ó, kó wá gbára lé Ọlọ́run.

Àdúrà Ànábì Yūnusa, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Jónà, ni mò ń gbà fún yín láti alẹ́ yìí. Àlùkùránì ní inú àwọn òkùnkùn ló ti gbà á, òkùnkùn ju ẹyọ kan lọ. Àwọn alálàyé ní òkùnkùn òru ni, òkùnkùn òkun, àti ti inú ẹja. Àdúrà náà gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá.

Ìyá_Ọmọbìnrin

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni mo wà báyìí, ó ku wákàtí kan ààbọ̀. Ọkọ mi ń sùn.

Nọ́ọ̀sì, mi ò rántí ìgbà tí mo sùn wákàtí mẹ́fà. Bàbá, ẹsẹ 15 yẹn, mo kà á fún un kó tó sùn, ó ní kí n tún un kà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè níbòmíì. Bó bá wá kú ńkọ́? Mo gbọ́ ìtàn Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, mo gbọ́ ti Pétérù tí áńgẹ́lì yọ lẹ́wọ̀n. Gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ níwájú ìjọ, àwọn tó là ni. Ibo ni àwa tí a kò mọ̀ bóyá a máa là á wà?

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ẹ wà wà nínú Bíbélì, àwa ni a kì í wàásù rẹ̀. Orí tó sọ ìtàn Pétérù yẹn gan-an, Ìṣe 12, ẹ ka ẹsẹ kejì. Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù kó tó mú Pétérù. Ìjọ kan náà, ọba kan náà. Wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n bẹ́ ìkejì lórí. Kò sí ibì kankan tí Lúùkù ti sọ pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù kéré. Hébérù 11 ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ó ń ka àwọn tó dí kìnnìún lẹ́nu, tó pa agbára iná, lójú gbólóhùn kan ṣoṣo ó yí padà sí àwọn tí wọ́n lù, tí wọ́n sọ lókùúta, tí wọ́n fi ayùn rẹ́ sí méjì. Orúkọ ìgbàgbọ́ kan náà ló sọ gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un tí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Corrie ten Boom, ọmọ Netherlands, ará ilé aláago. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Betsie àti bàbá wọn ń fi àwọn Júù pamọ́ sínú ilé wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Oṣù kejì ọdún 1944 ni wọ́n kó wọn. Bàbá wọn, ẹni ọdún 84, kú lẹ́yìn ọjọ́ 10 péré. Wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin méjèèjì dé àgọ́ Ravensbrück ní Jámánì. Kòkòrò amùjẹ̀ kún ibùsùn wọn débi pé Betsie ní kí àwọn dúpẹ́ fún un, Corrie sì rò pé ìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé kòkòrò yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọlé, tí wọ́n fi ń ráyè ka Bíbélì fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù. Betsie kú níbẹ̀ nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n dá Corrie sílẹ̀. Ó gbọ́ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe akọ̀wé ni.

Mo ti ń ronú lórí àwọn méjèèjì yìí láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣàìsàn. Èwo ni Ọlọ́run dáàbò bò nínú wọn? Èrò mi ni pé àwọn méjèèjì ni. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní Corrie nìkan ni, a jẹ́ pé mo ti bú Betsie, mi ò sì láyà láti bú u.

Àwọn Hébérù mẹ́ta níwájú iná ní, Ọlọ́run wa lè gbà wá, wọ́n wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́..." Ẹ ò jẹ̀bi bẹ́ ẹ ṣe sọ "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" jáde lẹ́nu. Ẹnu àwọn tó gbà Á gbọ́ ló ti kọ́kọ́ jáde.

Àgbà_Akọrin

Olùkọ́ ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu mi. Ẹ wo Sáàmù 23. Níbi pápá oko tútù, Dáfídì ń sọ̀rọ̀ *nípa* Ọlọ́run: Ó mú mi dùbúlẹ̀, Ó tù mí lára. Kó dé àfonífojì òjìji ikú, ó yí ohùn padà: "nítorí tí ìwọ pẹ̀lú mi." Inú àfonífojì ló ti kọjú sí I. Ibẹ̀ ni èmi náà ti mọ̀ Ọ́n ju ibòmíì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí wọ́n bá fi lọ̀ mí, mi ò ní gbà láti padà síbẹ̀.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ojú tó ń sunkún, ó ń ríran.

Jagunjagun_Àdúrà

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì tún ka tèmi. Ìyá Ọmọbìnrin, ẹ foríjì mí. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò jókòó ti aláìsàn rí, torí òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn, mi ò tíì jókòó tì í rí. Èyí tí mo sọ nípa dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ lé e.

Mo ṣì gbà pé àdúrà ń jagun. Lóru ọ̀la, láti agogo 12 dé agogo 3, mò ń bá yín gbà á. Ẹ̀yin ẹ sùn. Ẹ́kísódù 17, apá Mósè ro ó, ó jókòó sórí òkúta, Áárónì àti Húrì bá a gbé apá méjèèjì sókè títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé apá kan.

Alfa_Onísùúrù

Mo wà nínú ìyẹn. Agogo 3 sí àfẹ̀mọ́júmọ́ tèmi ni.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Èèyàn laṣọ mi. Ìyá, ẹ béèrè níbi tí ẹ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ bóyá wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé aláìsàn. Ibi púpọ̀ ní. Ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíì gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kódà bí ọkọ yín bá ní ẹ̀yin ni òun fẹ́.

Ìyá_Ọmọbìnrin

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ kẹrin rèé. Àbúrò ọkọ mi ló gbé e lọ lánàá. Mo sùn wákàtí méje. Jagunjagun, mo ti foríjì yín ṣáájú kí ẹ tó béèrè.

Ara ọkọ mi ò tíì yàtọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rí ni mo wá jẹ́.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́, pé mi ò mọ ìdí tí ó fi pẹ́, pé inú èmi náà bà jẹ́. Ó ya á lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé èèyàn lè sọ fún Ọlọ́run pé ó ti pẹ́ jù?" Mo ṣí Sáàmù 13 fún un. Ó fi ìka rẹ̀ ka "pẹ́ tó" nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ó bá mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, Mọ́mì, kò sì sí ẹni tó bá a wí."

Lónìí kò sí ilé ìwé, ó bá wa lọ. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ tí wọn ò fi abẹ́rẹ́ sí mú, ó ka Sáàmù náà fún un tòun ti ohùn tó fi ń ka ìwé ní kíláàsì. Nígbà tó dé ìkẹrin, bàbá rẹ̀ là ojú, ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè, mo fẹ́ bá ọ kà á."